Ìṣáná Tí Kò Wọlé Tán

Nígbà tí ìbọn Làtíìfù kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn. Bí wọ́n bá bú u, ì bá sàn. Òfin ibẹ̀ ni pé bí ìbọn bá kọ̀ tí kò yìn, ẹni tó mú un kò gbọdọ̀ mira. Á kọ ẹnu ìbọn sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, á ka oókan dé ọgọ́ta, nítorí iná lè máa rá lábẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó kù á gbé tiwọn sílẹ̀, wọn á dúró dè é. Ènìyàn mọ́kànlá ló ń dúró de Làtíìfù nínú òtútù oṣù kejì, lórí koríko tó ti rin gbìndìn. Òyìnbó kì í pòṣé, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń fọn imú tí yóò fi dun ènìyàn ju òṣé lọ.

Levi, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn, rìn wá bá a níbi tó nà sí lórí ikùn. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ó sì ń rìn bíi pé ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dúró dè é. Nígbà tí ọgọ́ta pé, ó ní kí Làtíìfù ṣí ìbọn. Ó mú kátíríìjì, karawun idẹ tó gbé ẹ̀tù àti ọta, jáde, ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ó wò ó. Abẹ́rẹ́ ìbọn ti gbá a lóòótọ́, ojú ọgbẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn.

Levi kò jágbe. Ó ní mẹ́rin lónìí, mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ènìyàn sì ti ń sọ ọ́.

“Kó ogún kátíríìjì wá ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀,” ó ní. “Bí ẹyọ kan péré bá kọ̀, o ò ní gbé èyí tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe wá síbí mọ́. Ti ṣọ́ọ̀bù ni wàá máa rà.”

Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí ló wá wà nínú ìyẹn, kí ó lọ ra ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò mọ̀ kò tíì rí iye rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta ni, owó awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò sì gbé e. Kò ní lè máa lọ sí pápá mọ́. Ẹni tí kì í lọ sí pápá mọ́, ọlọ́pàá kò rí ìdí tí ìbọn fi gbọ́dọ̀ wà nílé rẹ̀. Wọn á gba ìwé àṣẹ, wọn á gba ìbọn, ó parí.

Koríko tútù yẹn ló sì kù fún Làtíìfù láyé. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń wa bọ́ọ̀sì jáde láti gáràjì ní Peckham, ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n ti ń tẹ aago sí i lórí. Wọn á tẹ aago kí ó dúró. Bó bá dúró tán, wọn á ní ó pẹ́ jù. Ọmọdé á da ohun mímu sílẹ̀, àgbàlagbà á bú ìyá rẹ̀ nítorí pé káàdì kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti nà sílẹ̀ lórí pápá yẹn, tó fa èémí, tó jẹ́ kí ìdajì rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó lè tẹ aago kankan. Ọdún méjìlá ló ti ń rí ìsinmi yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ Ẹdẹ kò mọ̀, àwọn ará mọ́sáláṣí kò mọ̀. Mùsùlùmí, ọmọ Nàìjíríà, ó ní ìbọn nílé ní London: ta ló fẹ́ jókòó máa ṣàlàyé ìyẹn níbi ìsọmọlórúkọ? Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ọlọ́pàá mọ̀. Ìyẹn tó.

Ó wakọ̀ rẹ̀ láti pápá náà ní Surrey padà sí Peckham lọ́sàn-án ọjọ́ náà láì tan rédíò. Ẹ̀rọ agbénisókè ilé wọn ti kú láti ọjọ́ kẹta, ó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin, ó dúró lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mìsítúrà, ìyàwó rẹ̀, wo ojú rẹ̀, ó gbé oúnjẹ fún un, kò béèrè. Ọgbọ̀n ọdún nínú ilé kan náà ti kọ́ ọ ní ìgbà tí wọ́n ń béèrè.

Yàrá tí Àìṣát ọmọ wọn ń gbé kí ó tó lọ ilé ọkọ ní Luton ni Làtíìfù fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Tábìlì onídígí kan wà lẹ́bàá fèrèsé, àpótí irin tí ìbọn wà nínú rẹ̀ wà ní igun ògiri tí wọ́n kàn án mọ́. Bó bá ti ibi ṣíífù àárọ̀ dé ní aago kan ọ̀sán, tó kírun Àìlá, tó jẹun, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí. Karawun ìbọn tí wọ́n ti yìn kì í ṣe ohun ìdànù. Idẹ gidi ni. Èèyàn á fọ̀ ọ́ mọ́, á fi ìṣáná tuntun sí i nídìí, á bu ẹ̀tù sí i, á gbé ọta dé e lórí, ó tún di kátíríìjì.

Ìṣáná ni Làtíìfù ń pè é. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ́ ń pè é ní práímà. Ife irin kékeré kan ni, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, òun ni abẹ́rẹ́ ìbọn ń gbá kí iná tó ran ẹ̀tù. Gbogbo àṣírí rẹ̀ wà nínú bó ṣe jókòó. Ó gbọ́dọ̀ wọ ihò ìdí karawun títí yóò fi dé ilẹ̀ líle, kí ó wọlé ju ẹnu ihò lọ díẹ̀, ìwọ̀n irun orí. Bí kò bá wọlé tán, tó ṣì ń rọ́jú lẹ́nu ọ̀nà, agbára abẹ́rẹ́ á bá títì í wọlé lọ, kò ní ku èyí tí yóò ṣáná. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń kan ìṣó mọ́ pákó tí kò fẹ̀yìn ti nǹkan kan: òòlù ń dún, ìṣó ń fò, pákó ò gbà.

Levi ló kọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní. Ó fún un ní irin kan bí ẹ̀mú, ó ní rọra tẹ̀ ẹ́, wàá mọ̀ ọ́n bó bá dúró, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, wàá mọ̀ ọ́n bó bá jókòó. Lẹ́yìn náà kí ó fi àtàǹpàkò ra ìdí rẹ̀ kọjá. Bó bá tẹ́ tàbí tó jìn, ó dára. Bó bá yọrí, kò dára. Òyìnbó mìíràn ń lo ẹ̀rọ ìwọ̀n. Làtíìfù kò ra ẹ̀rọ kankan, àtàǹpàkò ni ìwọ̀n tirẹ̀. Ọdún méjìlá, kò purọ́ fún un rí.

Nítorí náà, nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, kò fura sí àtàǹpàkò. Ta ló ń fura sí ìka ara rẹ̀? Òrí ló fura sí.

Mìsítúrà ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní gbọ̀ngàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Rye Lane, níbi tó ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrú tó sì ń pààrọ̀ síìpù. Àbúrò rẹ̀ a máa fi òrí ránṣẹ́ sí i láti Ṣakí. Òtútù London àti oògùn tí wọ́n fi ń nu inú bọ́ọ̀sì a máa la Làtíìfù lọ́wọ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, Mìsítúrà á sì fi òrí ra á lọ́sọ̀ọ̀sán kí ó tó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Làtíìfù wá rántí pé ẹnì kan lẹ́gbẹ́ ti sọ rí pé epo a máa pa ìṣáná. Ó dì í mú. Ẹni tí ó rẹ̀ kì í wá ẹlẹ́bi lọ jìnnà.

“Ìyá Àìṣát,” ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, “má fi òrí yẹn kàn mí mọ́.”

“Kí ni òrí ṣe yín?”

“Òun ló ń ba ìṣáná mi jẹ́.”

Mìsítúrà dé ọpọ́n òrí, ó fún un pa. “Ogún ọdún ni mo ti ń fi ra yín lọ́wọ́, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ọjọ́ tí nǹkan yín bàjẹ́ ni òrí wá di àjẹ́.”

Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Lọ́sàn-án Túsìdeè, Làtíìfù fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó fẹ́ wẹ òkú. Ó wọ awò tó ń dáàbò bo ojú, ó kó ogún karawun tó mọ́ jáde. Ó ní Bisimilahi, ó tẹ ìkínní. Kò rọra tẹ̀ ẹ́ bí tàtẹ̀yìnwá, ìbínú ló fi tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣáná kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìbínú tẹ̀; bó bá bú síni lọ́wọ́, kò ní bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹwàá, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń dùn ún dé ìgúnpá, èèrà sì ń rìn nínú àwọn ìka rẹ̀. Èèrà yẹn kì í ṣe tuntun. Láti bí ààwẹ̀ tó kọjá ló ti ń jí, tó ń bá ọwọ́ náà bí òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì kí ó tó lè di aṣọ iṣẹ́. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé òtútù ni. Ó fi àtàǹpàkò ra ìdí ìkọ̀ọ̀kan wọn kọjá. Gbogbo wọn tẹ́. Ó tò wọ́n sórí dígí tábìlì, kò tíì bu ẹ̀tù sí ìkankan, ó lọ kírun Àlàásàrì.

Nígbà tó padà, Mìsítúrà ti dé láti ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú tábìlì, ojú rẹ̀ bá dígí dọ́gba.

“Bàbá Àìṣát, kí ló dé tí èyí ń jó?”

Ó fi orí ìka kan karawun kan, karawun náà mì lọ mì bọ̀ lórí ìdí rẹ̀. Làtíìfù ní dígí ni kò gún. Mìsítúrà sún karawun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá sí ojú ibẹ̀ gan-an, ó dúró ṣinṣin. Ó gbé oníjó lọ sí ìkángun tábìlì kejì, ó jó níbẹ̀ náà.

“Dígí ò ṣe nǹkan kan.”

Làtíìfù gbé e, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó tẹ́. Ó tún ra á. Ó tẹ́ bí àwo. Mìsítúrà na ọwọ́, ó ní kí ó fún òun. Làtíìfù dúró díẹ̀, ó ro òfin, nítorí kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan kátíríìjì rí. Ṣùgbọ́n èyí kò ní ẹ̀tù, kò ní ọta, idẹ àti ìṣáná lásán ni. Ó fún un.

Obìnrin tó ti fi ìka wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún kò nílò kí ó pẹ́. “Ó yọrí,” ó ní. “Ó yọrí bí eyín ọmọ ọwọ́.” Ó gba gbogbo wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ márùn-ún sọ́tọ̀. Làtíìfù gba márùn-ún náà lẹ́yìn rẹ̀, ó ra wọ́n títí. Ní tirẹ̀, wọ́n tẹ́.

Mìsítúrà ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ó di ojú. Ó gbé nǹkan lé e lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní bọ́tìnnì ni, kí ó fi àtàǹpàkò sọ iye ihò tó wà lójú rẹ̀, bóyá méjì, bóyá mẹ́rin.

Làtíìfù ra á, ó tún un ra. “Mẹ́rin.”

“Ẹ lajú.”

Ẹyọ owó pẹ́ńsì márùn-ún ni.

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé láti ìgbà wo. Làtíìfù ní òtútù ni.

“Òtútù wo ló mọ ọwọ́ ọ̀tún nìkan?”

Làtíìfù jókòó. Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí Sọ́ńdè pé, ìwọ̀n rẹ̀ sì ti kú. Mìsítúrà kó àwọn karawun jọ sínú àwo, ó wá sọ ohun tó dà bí ẹni pé kò ṣòro rárá: kí ó lo ọwọ́ kejì. Ọwọ́ òsì kò kú. Kí ó fi òsì tẹ̀ ẹ́, kí ó fi òsì yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ìwọ tó ń kà á bá rẹ́rìn-ín níbi tí Làtíìfù ti mi orí, a jẹ́ pé wọn kò nà ọ́ nílé kéú rí. Ọwọ́ òsì ni wọ́n bí Làtíìfù mọ́. Òsì ló kọ́kọ́ nà sí ọmú, òsì ló fi sọ òkúta. Nígbà tó dé ilé kéú ní Ẹdẹ, tó fi òsì mú gègé láti kọ̀wé sára wàláà, Alfa fi pàṣán gé e lẹ́yìn ọwọ́ títí ó fi wú bí àkàrà. Nílé, ìyá rẹ̀ a máa fi àkísà ìró di ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn kí wọ́n tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Nígbà tó fi pé ọdún méje, ọwọ́ òsì ti di ẹrú inú ilé: bàtà ni kí ó gbé, ìdí ni kí ó fọ̀. Kò fi gba nǹkan, kò fi fúnni ní nǹkan, kò fi na ẹnikẹ́ni. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta nìyẹn. Ìṣáná kọ̀ọ̀kan tó sì ń tẹ̀, Bisimilahi ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Báwo ni èèyàn ṣe máa pe orúkọ Ọlọ́run sí iṣẹ́ ọwọ́ òsì? Ó ní òun máa bi Alfa.

Mìsítúrà wá rẹ́rìn-ín níkẹyìn, ẹ̀rín tó gùn. “Ẹ máa bi Alfa. Ní mọ́sáláṣí. Ní London. Ẹ máa sọ fún wọn pé kí lẹ fẹ́ fi ọwọ́ òsì ṣe?”

Ó bi í náà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dúró títí àwọn èrò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nídìí bàtà, ó sún mọ́ Alfa Abdulqoyyum. Ọmọ Ìwó ni Alfa yìí, kò tíì pé ogójì ọdún, ó ń wa takisí láti Mọ́ńdè dé Àlàámísì, ó sì ní sùúrù ẹni tó mọ̀ pé gbogbo ìbéèrè ló ní ìbéèrè mìíràn nínú.

Làtíìfù bi í pé ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ṣé ó lè fi òsì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi Bisimilahi bẹ̀rẹ̀. Alfa kọ́kọ́ ṣàdúà, ó rò pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó bi í bóyá oúnjẹ ni. Kì í ṣe oúnjẹ. Ó bi í bóyá sàráà ni. Kì í ṣe sàráà.

“Iṣẹ́ wo wá ni, Bàbá?”

Ọkùnrin kan ń ká ẹní nítòsí wọn. Ó jọ Làtíìfù lójú pé ọkùnrin náà kò yára ká a mọ́.

“Nǹkan kékeré kan ni, Alfa. Irin ni. Mo máa ń tì í bọ inú ihò.”

“Bọ́tìnnì?”

“Ó fẹ́ jọ bọ́tìnnì.”

“Ti aṣọ àwọn oníbàárà Mummy ilé yín?”

“Ẹ jẹ́ ká ní bẹ́ẹ̀.”

Òógùn ti bo Làtíìfù nínú òtútù. Alfa ní ọwọ́ méjèèjì ni Ọlọ́run dá, kò dá ọ̀kan fún èṣù. Ẹni tí ọ̀tún bá já kulẹ̀ kí ó lo èyí tó ń gbọ́ràn, kò sẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀. Ó tún ní kí ó bá òun kí Mummy, síìpù ẹ̀wù òun kan ti já. Ẹni tó ń ká ẹní ká a tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Làtíìfù rìn dé ibùdókọ̀ kí àyà rẹ̀ tó balẹ̀.

Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Lọ́sàn-án, ó jókòó sí tábìlì, ó kó ogún karawun mìíràn síwájú, ó mú ẹ̀mú náà sí òsì. Irin náà ti ọwọ́ rẹ̀ yọ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹja ààyè. Ọwọ́ náà kò mọ ibi tí yóò fi ìka sí, ojú ń tì í bí ìránṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó wá jókòó ní pálọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó dì í mú. Ó ní Bisimilahi sínú, ó tẹ̀ ẹ́.

Ìṣáná wọlé, ó dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, ó sì rí i nínú ẹran ara rẹ̀ bí ìṣáná ṣe kan ilẹ̀ líle tó sì jókòó, bí àgbà ṣe ń jókòó sórí àga tó mọ̀. Ó ti tó bí oṣù mẹ́jọ tó ti gbọ́ nǹkan yẹn kẹ́yìn, kò sì mọ̀ pé òun ò gbọ́ ọ mọ́. Ó fi àtàǹpàkò òsì ra ìdí rẹ̀. Ó jìn ní ìwọ̀n irun orí. Kò yọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ jù láti yọ̀. Ó kàn ń tẹ̀ wọ́n lọ, ìkan lẹ́yìn ìkan, wákàtí kan àti ààbọ̀ fún iṣẹ́ tí kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ, Mìsítúrà sì ń gbé ìkọ̀ọ̀kan kalẹ̀ sórí dígí, ó ń fi ìka kàn án.

“Kò jó,” ni ó ń wí. “Kò jó. Èyí náà ò jó.”

Nígbà tí ogún pé, Mìsítúrà jáde kúrò nínú yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé, nítorí wọn kì í jọ wà níbẹ̀ bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀tù jáde.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Levi fúnra rẹ̀ ló dúró tì í pẹ̀lú ìwé àti gègé. Òjò ò rọ̀, oòrùn ò ràn. Làtíìfù nà sílẹ̀, ó fi ìbọn ti èjìká. Ìkínní dún. Ìkejì dún. Ó ń ṣí ìbọn, ó ń kó karawun gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi òmíràn sí i, kò yára, kò falẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹwàá, àwọn tó wà lápá ọ̀tún ti ṣíwọ́ wíwo ẹnu ìbọn rẹ̀, wọ́n ti padà sí tiwọn. Ìkẹrìndínlógún dún.

Ìkẹtàdínlógún dún kí ó tó fẹ́ kí ó dún.

Ojú rẹ̀ kò tíì bá àmì. Ó ṣì ń jẹ́ kí èémí lọ. Ìka ìlábẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, tó wà lórí ohun ìfà ìbọn, ti fà á, kò sì sọ fún un. Ọta náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan; ó wọ inú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ lókè àmì, níbi tí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sí nítorí irú rẹ̀. Levi ní “mẹ́tàdínlógún”, ó fi gègé fa ìlà kan.

Kò sẹ́ni tó rí i. Mẹ́ta ló kù. Bó bá yìn wọ́n tán, ọ̀rọ̀ parí: àwọn kátíríìjì náà dára, pápá ṣì jẹ́ tirẹ̀, Sọ́ńdè á máa pàdé Sọ́ńdè. Làtíìfù nà síbẹ̀, ó wo ìka rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ti purọ́ fún un. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Báwo ni òun ṣe rò pé iná jó yàrá kan, kò dé èkejì?

Ó ṣí ìbọn náà, ó yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ pátápátá.

“Levi,” ó ní, “mi ò mọ ìgbà tí èyí tó kọjá yẹn dún.”

Levi ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Làtíìfù sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí àtàǹpàkò ṣe kú, bí ìyàwó òun ṣe gbé owó lé òun lọ́wọ́ tí òun pè é ní bọ́tìnnì. Arúgbó náà fi ìwé sí àpò, ó ní kí ó dìde. Ó nà sí ojú ibẹ̀ fúnra rẹ̀, eegun rẹ̀ ń ró, ó mú ìbọn Làtíìfù, ó yin mẹ́ta tó kù. Wọ́n dún, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ogún pé,” Levi ní nígbà tó dìde tán, ó ń gbọn koríko kúrò ní orúnkún. “Bó o ṣe ń tẹ ìṣáná dára. Èyí tí o bá ṣe, máa gbé e wá.”

“Ṣùgbọ́n mi ò ní yìn ín.”

“O ò ní yìn ín. Títí dókítà á fi kọ ìwé.”

Levi kò fi ariwo sọ ọ́, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó ran Làtíìfù lọ́wọ́ láti kó ìbọn sínú àpò rẹ̀, ó gbé e títí dé ìdí ọkọ̀, ohun tí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí.

Mìsítúrà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó gun àtẹ̀gùn dé òkè. Ó bi í bóyá gbogbo wọn dún. Làtíìfù ní gbogbo wọn dún. Mìsítúrà ní kí ló wá dé tí ojú rẹ̀ rí báyìí. Làtíìfù ti ìbọn mọ́ inú àpótí irin kí ó tó dáhùn, ó jókòó sórí ibùsùn Àìṣát, ó wí fún un.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Kò sọ̀rọ̀ pápá, kò sọ̀rọ̀ Levi.

“Aago mélòó ni ṣíífù yín lọ́la?”

“Mẹ́rin ààbọ̀.”

“Ọwọ́ tí kò mọ ìgbà tí ìbọn dún,” Mìsítúrà ní, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń gbé ẹyin, “ṣé òun lẹ máa fi gbé ọgọ́rin èèyàn kọjá Camberwell?”

Làtíìfù ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn láti orí pápá. Ó ti bá a wakọ̀ bọ̀ láti Surrey, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ bí èrò tí kò tẹ aago. Ó kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ ni. Ó mú fóònù, ó pe gáràjì kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sọ fún ọkùnrin tó ń pín iṣẹ́ pé òun ò ní wá lọ́la, ọwọ́ òun kò dá. Ọkùnrin náà bi í pé títí di ìgbà wo. Ó ní òun ò mọ̀.

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n jókòó méjèèjì sí ìdí tábìlì onídígí, fóònù wà láàárín wọn. Ilé dókítà kò gbé e. Ohùn obìnrin kan tí kì í ṣe ènìyàn sọ fún wọn pé àwọn ni ẹni kẹrìnlélógún lórí ìlà. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó dúró, ohùn náà ní ẹni kẹtàlélógún. Làtíìfù gbé orí lé apá rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń jí ní aago mẹ́ta òru, àárọ̀ yìí nìkan ni kò sí ibi tó ń lọ. Nígbà tó fi di ẹni kẹsàn-án, ó ti sùn, ó ń hanrun.

Mìsítúrà fa fóònù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó dín ohùn orin kù. Ó mọ̀ pé oníbàárà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun ní Rye Lane. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń dúró kí ilé dókítà gbé e.